Ìkọ́ Idẹ Iwájú Ọkọ̀ Sùúrù

Òkè ilé wa ni mo ti ń rán ìgbòkun. Yàrá náà gùn, kò sì sí àga nínú rẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni mo máa ń tẹ́ aṣọ sí, tí n ó sì máa rá kiri lórí rẹ̀ tòun ti abẹ́rẹ́ bí ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, omi ló sì kọjú sí. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí wo ọkọ mi bó bá ń bọ̀ láti erékùṣù. Bí mo bá ti rí orí òpó ọkọ̀ rẹ̀ báyìí, n ó sọ̀kalẹ̀ lọ gbé omi kaná, kí ó lè bá a ní gbígbóná.

Ó ti kú báyìí. Àìsàn ló pa á, lórí ibùsùn wa, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo máa ń tètè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí bí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ pé atọ́kọ̀ ni, omi ni ọkàn wọn máa ń lọ. Omi kò ṣe é ní nǹkan kan. Òun àti omi mọwọ́ ara wọn.

Sùúrù ni orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sí ìdí ọkọ̀, lẹ́tà tó kẹ́yìn sì kéré ju àwọn yòókù lọ, ó há sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó pẹ́ dé ìsìn, nítorí àyè ti tán. Mo ti sọ fún un pé kí ó wọn àyè kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kò ní sùúrù.

Iṣẹ́ ọkọ̀ náà ni láti máa gbé nọ́ọ̀sì àti àpótí oògùn lọ sí erékùṣù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà nídìí rẹ̀ tó máa ń húkọ́ ju pé kí ó ṣiṣẹ́ lọ, nítorí náà ìgbòkun ni agbára rẹ̀. Ọkọ mi kì í yangàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ bí inú rẹ̀ bá dùn: "Nọ́ọ̀sì kò tíì fẹsẹ̀ rìn padà sílé láti èbúté nítorí tèmi rí." Ẹ̀ẹ̀rùn o, òjò o, ìgbà afẹ́fẹ́ líle o, Sùúrù ń lọ.

Nígbà tí ó kú, ọ̀gá èbúté fi wá sílẹ̀ kí a ṣọ̀fọ̀, ó ní kí ọkọ̀ mìíràn bá wa di iṣẹ́ náà mú ná. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wọ́n bí ojú ni. Lẹ́yìn náà ó wá sí ilé wa, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi wá léèrè ẹni tí yóò di ìtọ́kọ̀ Sùúrù mú. Kí n tó la ẹnu, ọmọ mi obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ti dáhùn.

"Èmi ni, sà."

Ọ̀gá èbúté wò ó láti òkè délẹ̀. "Mo gbọ́," ni ó wí. "N ó bá ọ jáde, kí n rí i."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Wáyà kan wà nínú ọkọ̀ bí tiwa tó ti orí òpó sọ̀kalẹ̀ wá dé imú ọkọ̀. Ara rẹ̀ ni ìgbòkun iwájú máa ń gbé. Ọ̀nà méjì ni a sì fi ń so ó mọ́ ọn. Ti àtijọ́ ni pé kí a rán àwọn ìkọ́ idẹ kéékèèké sí etí aṣọ náà, kí a sì fi wọ́n kọ́ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń de bọ́tìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá le, atọ́kọ̀ á lọ kúnlẹ̀ ní imú ọkọ̀, á tú ìgbòkun ńlá sílẹ̀, á fi kékeré tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Ti òde òní ni pé kí a fi páìpù gígùn bo wáyà náà, páìpù tó ń yí. Ìgbòkun kan ṣoṣo ni yóò wà lára rẹ̀. Bí a bá jókòó sẹ́yìn tí a fa okùn, á ká ara rẹ̀ mọ́ páìpù. Aká-bí-ẹní ni wọ́n ń pè é ní èbúté wa. Mo ń rán aṣọ fún méjèèjì, n kò sì bá ọ̀kankan jà. Aká-bí-ẹní dára fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbatẹ́gùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ká ìgbòkun ńlá dé ìdajì, ikùn rẹ̀ a máa wú bí irọ̀rí, kò sì ní lè fa ọkọ̀ dojú kọ afẹ́fẹ́ líle bó ti yẹ. Nítorí náà ni òfin èbúté fi sọ pé ọkọ̀ aká-bí-ẹní kò gbọdọ̀ gbé èrò kọjá ẹnu ọ̀sà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le.

Ìkọ́ idẹ ni Sùúrù ń lò. Èmi ni mo rán wọn, ọkọ mi ló ń fi ìda oyin pa òwú fún mi bí mo ti ń rán.

Ọmọ mi mọ omi. Ó mọ bí a ti ń ka ojú ọ̀run, ó mọ ibi tí iyanrìn ti ga lábẹ́ omi, ó sì lè di ìtọ́kọ̀ mú kí ọkọ̀ máa lọ geere bí ẹni ń gé aṣọ tuntun. Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń di ẹ̀fẹ̀ ní èbúté: imú ọkọ̀. Bí ó bá ti kúnlẹ̀ síwájú ìkọ́ báyìí, ara rẹ̀ á di igi. Á fà á, kò ní ṣí. Á ṣí i, yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé, bàbá rẹ̀ ló ń lọ síwájú, òun a máa tọ́ ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí gbangba. Gbajúmọ̀ ni mo sọ ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé wọn, nítorí fìlà rẹ̀ kì í tọ́ lórí, ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn pàtàkì ṣe ń dé e. Ó jókòó lórí òpó kúkurú tí a ń so okùn ọkọ̀ mọ́, ó ń wo ọmọ náà bó ti ń bá ìkọ́ jà.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ọwọ́ òsì yẹn náà ni?"

"Òun ni mo ní, Bàbá Kékeré."

"A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìwọ wá fẹ́ fi tọ́ odindi ọkọ̀ rẹ̀."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá fi ọ̀tún yín ràn mí lọ́wọ́, bó bá ń dùn yín."

"Èmi? Orúnkún mi ti fẹ̀yìn tì."

Òótọ́ ni pé ọwọ́ òsì ni ọmọ mi ń lò. Òun ló fi ń kọ̀wé, òun ló fi ń rán aṣọ. Nígbà tí ó wà ní kékeré, olùkọ́ kan fi ìrépé aṣọ di ọwọ́ náà mọ́ ọn lára kí ó lè bọ́ sí ọ̀tún. Bàbá rẹ̀ wọ bàtà, ó lọ sí ilé-ìwé, ó tú u, ó sì ká ìrépé aṣọ náà dáadáa, ó gbé e lé orí tábìlì olùkọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Èyí tí Ọlọ́run fún un ti tó o." Kò sẹ́ni tó dì í mọ́.

Bí wọ́n ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí lọ́wọ́ ni ọkọ̀ ẹja ńlá kan kọjá, ìgbì rẹ̀ sì gbé Sùúrù sókè. Apá tí ọmọ mi fi ń wá ìkọ́ náà ti rékọjá wáyà sí òdìkejì, kò sí ohun tó gbá mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lókè. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ há wáyà, ó gbéra padà, ìkọ́ sì bu àtàǹpàkò rẹ̀ jẹ. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó jáde wá sórí pákó èbúté. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo wo omi tó wà láàrin ọkọ̀ àti èbúté, omi dúdú tó fún, mo sì mọ̀ pé n kò ní lè dúró lójú fèrèsé mi bí ọmọ yìí bá ń lọ kúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ẹnu ọ̀sà.

Mo ránṣẹ́ pe ẹni tí wọ́n ń pè ní Wáyà.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta òpó àti wáyà ọkọ̀ ró ni, òun náà ló ń ta aká-bí-ẹní. Ó wá sí yàrá òkè wa, ó bọ́ bàtà kí ó má ba aṣọ mi jẹ́, èyí tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ti fẹ́ lọ. Gbajúmọ̀ tẹ̀lé e wọlé láìsí ẹni tó pè é.

"Ìyá, ẹ gbọ́ tèmi," ni Wáyà wí. "Ta ló tún ń lọ kúnlẹ̀ ní imú ọkọ̀ láyé ìsinsìnyí? Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn, kí wọ́n fa okùn, ó ti ká. Ara wọn kò ní tutù."

"Ẹni tí kò fẹ́ kí ara òun tutù, kí ló wá dé ojú omi?" ni Gbajúmọ̀ dáhùn. "Kó lọ máa ta èédú."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fáyé pé kí wọ́n má ra ẹ́ńjìnnì."

"Mo sọ ọ́! Irọ́ ni mo pa? Dárúkọ èyí tí kì í kú lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú."

"Bó bá há ńkọ́?" ni èmi bi Wáyà.

"Ohun tí a bá ń tọ́jú kì í sábà há, Ìyá. N kò ní parọ́ fún yín pé kì í há rárá."

"Ìgbà afẹ́fẹ́ líle ńkọ́?"

Ó họ orí. "Ìyẹn… ẹ ó máa sinmi nílé nígbà náà. Ọkọ̀ ẹlòmíràn á gbé nọ́ọ̀sì."

Ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi aṣọ nu epo kúrò lórí àtàǹpàkò rẹ̀ tó wú. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí èmi náà ń rò ó. Fún ìdajì ọdún tí afẹ́fẹ́ fi ń le, nọ́ọ̀sì yóò máa kọjá níwájú Sùúrù lọ wọ ọkọ̀ mìíràn.

Ọmọ mi ní, "Ìyá, ẹ gé etí ìgbòkun náà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ìdajì ọdún sàn ju òfo lọ. Bí mo bá kùnà lójú ọ̀gá èbúté, gbogbo rẹ̀ ló máa bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ gé e, Ìyá. Ẹ má wo ojú mi."

Wáyà ní òun yóò kó páìpù wá ní àárọ̀ kejì. Bí ó ti ń wọ bàtà rẹ̀, ó wo ìgbòkun ńlá tó wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ìránṣọ rẹ̀, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ó dunni o." Ó dunni lóòótọ́. Kí aṣọ tó lè wọ inú páìpù, gbogbo etí rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ gé dànù pẹ̀lú ìkọ́, kí n sì fi okùn rán òmíràn. Ìgbòkun náà ni iṣẹ́ tí èmi àti ọkọ mi ṣe gbẹ̀yìn pọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo pọ́n sísọ́ọ̀sì mi. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti na etí aṣọ náà, nígbà tí ọmọ mi wọlé.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i," ni ó wí. "Kí ẹ tó gé e."

Okùn wáyà kan wà nínú yàrá mi tó ti igi àjà sọ̀kalẹ̀ wá sí ilẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, bí ó ti wà lójú ọkọ̀ gan-an. Kò sí ìgbòkun tó ń kúrò lọ́dọ̀ mi tí n kò kọ́kọ́ gbé kọ́ síbẹ̀ kí n lè rí bó ti ń wọlẹ̀. Ọkọ mi ló máa ń bá mi kọ́ ọ. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sẹ́yìn wáyà, ní ibi tí ara atọ́kọ̀ máa ń wà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

N kò fẹ́ kí ó rí ojú mi, nítorí náà mo rìn yí i ká, mo lọ dúró sí iwájú wáyà náà, lẹ́yìn aṣọ. Ó ti mọ́ mi lára láti máa wo ẹ̀yìn iṣẹ́. Olùkọ́ ìránṣọ wa ní ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù kì í wo ojú aṣọ rárá. Bí ọmọ kan bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀rín, olùkọ́ náà á gbà á, á yí i sódì, á sì máa wo ibi tí òwú ti gbà kọjá. A máa ń gbọ̀n. Ó ní ojú aṣọ lè ṣe àgàbàgebè, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe é.

Láti ẹ̀yìn níbẹ̀ ni mo ti rí i.

Ọwọ́ òsì ọmọ mi gòkè wá, ó rékọjá wáyà, ó tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, ó wá ń wá ẹnu ìkọ́ ní apá ọ̀tún. Ẹnu gbogbo ìkọ́ náà, láti òkè délẹ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n kọjú sí. Bàbá rẹ̀ a máa fi apá òsì gbá wáyà mọ́ra, á fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí wọn tà, tà, tà. Ọ̀tún ni mo rán wọn sí, bí wọ́n ti ń rán wọn ní gbogbo èbúté. Ọmọ yìí kò lè gbá wáyà mọ́ra kí ó sì tún ṣí ìkọ́. Kí ó tó rí ẹnu ìkọ́, ó gbọ́dọ̀ fi wáyà sílẹ̀.

Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni ó wà ní ẹ̀yìnkùlé.

"Dìde," mo ní. "Wá kúnlẹ̀ síbi tí mo wà yìí."

"Iwájú wáyà?"

"Wá ná."

Ó wá, ó kúnlẹ̀. Láti ìhà ibẹ̀, ẹnu ìkọ́ bọ́ sí apá òsì rẹ̀. Mo ní kí ó tú wọn. Ó fi apá ọ̀tún gbá wáyà, ó na ọwọ́ òsì, ìkọ́ kìíní sì là. Ìkejì là. Ó dúró díẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó bá àlejò pàdé nínú ilé rẹ̀, ó wá tú gbogbo ìyókù láìmí, bí ẹni ń ya ẹ̀wà. Aṣọ náà wó lulẹ̀ lé ẹsẹ̀ wa.

Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n Ìyá, ibi tí mo kúnlẹ̀ sí yìí, inú omi ni yóò jẹ́ lójú ọkọ̀ o!"

"Mo mọ̀. Ìwọ máa kúnlẹ̀ síbi tó yẹ ọ́. Ìkọ́ ni yóò yí ojú."

Mo gbé sísọ́ọ̀sì tí mo pọ́n. N kò gé aṣọ. Òwú ni mo gé, òwú ìkọ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kó idẹ náà sínú abọ́ bí mo ti ń gé e.

Gbajúmọ̀ bá wa níbẹ̀. Ó wo abọ́, ó wo aṣọ, ó wo bí mo ti gbé ìkọ́ kan dojú kọ òsì. "Ìyàwó! Kí lò ń ṣe? Ìkọ́ kì í kọjú síbẹ̀."

"Ta ló pàṣẹ, Gbajúmọ̀ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a."

"Ẹni tó rán an tí ẹ fi bá a bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wo ló ń lò?"

Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, kò tọ́ síbẹ̀. "Ọ̀rọ̀ rèé o," ni ó wí, ó sì jókòó sílẹ̀, ó ń bá wa kó idẹ.

Mo nílò òwú tí a fi ìda pa. Kókó ìda ọkọ mi wà nínú àpótí abẹ́rẹ́, n kò fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí ó ti lọ. Ti ilé ìtajà ni mo ń lò. Ojú kòtò kékeré kan wà lára rẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń gbé. Mo gbé e jáde, mo fi í fún ọmọ mi. Ó gbìyànjú láti fi àtàǹpàkò rẹ̀ sí kòtò náà, kò bá a mu, ọwọ́ ọ̀tún ló gbẹ́ ẹ. Ó yí ìda náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí fa òwú kọjá níbẹ̀. Kí a tó rán ìgbòkun ńlá tán, kí a tó bọ́ sórí kékeré, tirẹ̀ náà ti ní kòtò.

Wáyà kó páìpù rẹ̀ dé bí ó ti ṣèlérí. A ṣàlàyé fún un. Ó kúnlẹ̀ tì wá, ó ṣí ìkọ́ kan, ó dé e, ó ṣí i. "Ẹ ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà," ni ó wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló wà lójú rẹ̀. Ó gbé páìpù lé èjìká padà. Láti orí àtẹ̀gùn ni ó ti ké pé, "Bó bá yege, èmi ni kí ẹ jẹ́ kí n máa ta wáyà rẹ̀ ró o! Ẹ má pe ẹlòmíràn!"

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá èbúté yàn, afẹ́fẹ́ ti ń lu ilẹ̀kùn láti òwúrọ̀. Mo rò pé yóò sún un síwájú. Ó dé tòun ti aṣọ òjò, ó wọ inú ọkọ̀ láìkí ẹnikẹ́ni àfi ọmọ mi, ó ní, "Ọ̀gá, ó yá." N kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé òun pè é ní ọ̀gá.

Èmi, Gbajúmọ̀ àti Wáyà dúró ní ìpẹ̀kun èbúté. Sùúrù jáde tòun ti ìgbòkun ńlá, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń sáré. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀sà tí omi ti ń funfun, a rí i tí ọ̀gá èbúté na ìka síwájú, ó sì fúnra rẹ̀ gba ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi. Àṣẹ nìyẹn: lọ pààrọ̀ ìgbòkun.

Mo rí i bó ti ń rá lọ síwájú, pẹ̀lú ìgbòkun kékeré tí ó so mọ́ ìgbànú. Mo rí i tí ó kúnlẹ̀. Imú ọkọ̀ gòkè, ó sì rì, omi bò ó mọ́lẹ̀ dé èjìká.

"Ó gbá a mú?" ni Gbajúmọ̀ bèèrè. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́. "Ìyàwó, ó gbá wáyà mú?"

Imú ọkọ̀ tún gòkè, omi ń ṣàn kúrò lára rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ wà yí wáyà ká bí ìgbà tí ènìyàn bá fi apá kọ́ ọrùn ọ̀rẹ́. Kò yẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́.

"Ó gbá a mú," mo ní.

Ìgbòkun ńlá wó. Ó kó o mọ́ abẹ́ orúnkún. Omi tún bò ó, ó tún yọ. Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí gun wáyà, ìkọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, funfun, kò ṣe gbagbada, kò wú níkùn. Afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó le gbọingbọin. Sùúrù gbórí sókè, ó dojú kọ afẹ́fẹ́ náà, ó sì ń lọ.

"Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí ọwọ́ yẹn?" ni Wáyà ń pariwo. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó ń fi í lu itan. "Bàbá, ó ti ṣe é!"

Gbajúmọ̀ ń nu ojú. Ó ní iyọ̀ omi ni.

Èmi ò pariwo. A kọ́ wa láti kékeré pé kí a má fi ọmọ ẹni yangàn níta, mo sì gbìyànjú. Mo di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ṣùgbọ́n àyà mi ti kún ju ibi tí mo lè pa á mọ́ sí lọ, obìnrin kan tó ń kọjá tòun ti agbọ̀n sì bi mí pé kí ló dé, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ọmọ mi nìyẹn. Èyí tó wà níwájú yẹn. Èmi ni mo rán ìgbòkun rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n padà dé, ọmọ mi ti gba ìtọ́kọ̀ padà, ara rẹ̀ rin gbingbin. Ọ̀gá èbúté wà níwájú, ó gbá ìkọ́ kan mú, ó ń ṣí i, ó ń dé e, pẹ̀lú ìnira nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni òun ń lò. Ọkọ̀ ti súnmọ́ èbúté tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

"N kò rí irú èyí rí," ni ó wí. "Níbo ni wọ́n ti bá ọ rán an?"

Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mi wà lórí ìtọ́kọ̀, kò sì lè fi í sílẹ̀ nítorí èbúté ti dé. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, omi ń kán láti apá aṣọ rẹ̀, ó na ìka sí òkè ilé wa, sí fèrèsé tí mo ṣí sílẹ̀ láàárọ̀.

"Ilé bàbá mi nìyẹn, sà. Lókè níbẹ̀."

Mo yíjú wo Gbajúmọ̀. Ó ti la ẹnu. Mo rí òwe náà tó dé ètè rẹ̀. Ó wo ọwọ́ yẹn, ó wo fèrèsé, ó gbé òwe rẹ̀ mì.

"Ó júwe ilé dáadáa," ni ó wí. "Kò ṣìnà."

Ọ̀gá èbúté sọ̀kalẹ̀ sórí pákó. Ó kọjá níwájú mi, ó sì dúró. "Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni ó wí. "Kí ó mú aṣọ òjò dání."

Wáyà ti ń ju okùn, Gbajúmọ̀ ti ń pàṣẹ tí kò sẹ́ni tó bi í. Ọmọ mi ń wò mí láti inú ọkọ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn fún òtútù, ó sì ń dúró kí n sọ nǹkan. Mo fi orí dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà mo yára gba ojú ọ̀nà lọ sílé ṣáájú rẹ̀, láti gbé omi kaná.